Ẹnu wa ló ń lé wọn kúrò nídìí oògùn

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Owó kọ́ ló ń dá àwọn tó ní kòkòrò sídà dúró: ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ká jọ jẹun nínú abọ́ kan, ká bọ ara wa lọ́wọ́, ìyẹn kì í kó o ranni rárá.

Kí ló wá kù? Ẹnu wa ni. Ẹlòmíì ń wọkọ̀ lọ gba oògùn níbi tó jìnnà, kí aládùúgbò má baà rí i. Lọ́jọ́ tí kò bá rówó ọkọ̀, oògùn dáwọ́ dúró nìyẹn.

Láti 2006 ni Òfin 2005-31 ti ń dáàbò bò wọ́n, àmọ́ òfin kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀yin mérì, ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìbò, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò lójú gbogbo èèyàn. Àìsàn ló ṣe é wò. Bí àgbà bá ṣáájú, ọmọdé á tẹ̀ lé e.