Sísanra Nìkan Kọ́ Ni Àlàáfíà Ọmọ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, bí a bá wí fún ìyá ọmọ nílẹ̀ wa pé, "Ọmọ yìí mà sanra o," inú rẹ̀ a dùn. Kò jẹ̀bi. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó sanra ni a mọ̀ pé ebi kò pa, tí àìsàn kò sì dá dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ iyán yó nígbà náà ti fi ẹsẹ̀ rin dé oko, ó ti pọn omi, ó sì tún ṣe eré òṣùpá kí ó tó sùn.

Ẹ wo Àkúrẹ́, Ìlú-Àbò àti Oǹdó lónìí. Ọ̀kadà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò ní pápá. Bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a sì ń tà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lè ní ṣúgà tí ó tó ṣíbí kékeré mẹ́wàá. Nítorí irú ewu yìí ni òfin ìṣúná Nàìjíríà ti ọdún 2021 ṣe bu owó-orí náírà 10 lé lítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n owó-orí kì í kọ́ ọmọ. Olùkọ́ ni í kọ́ ọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ tàbí ṣeré fún ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó. Ní ti oúnjẹ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn àti omi tútù kò jìnnà sí wa.

Ohun kan wà tí ó ń dùn wá. A ti jókòó rí nínú kíláàsì kan tí olùkọ́ pe ọmọ tí ó sanra ní "àgbá." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò jáde sí pápá mọ́. Ṣé ẹ̀kọ́ ìlera nìyí? A kò gbọdọ̀ fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ebi pa ọmọ tí ń dàgbà. Nínú kíláàsì kan náà, ẹlòmíràn wà tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀. Oúnjẹ tí ó dára àti eré ni àwọn méjèèjì nílò, nítorí náà ẹ kọ́ gbogbo wọn pọ̀.

Olùkọ́ tí ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò lórí àga nígbà tí àwọn ọmọ ń sáré, kí ni ó ń kọ́ wọn? Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwa olùkọ́ kọ́kọ́ dìde. Kí ẹgbẹ́ wa sì máa bèèrè ní ìlú gbogbo pé: níbo ni pápá àwọn ọmọ wa wà?