Ẹ Gbé Oògùn Ibà Tọ Aláboyún Lọ ní Ilé Àdúrà

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá gbé oògùn tí ń dènà ibà lé àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn ìyá àdúrà tí ń gbẹ̀bí lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n sì ṣe é lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú. Kó bí wọn nínú. Aláboyún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2000, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé pé tó bá fi máa di 2005, ó kéré tán, 60 nínú 100 aláboyún tó wà nínú ewu ibà yóò ti máa rí oògùn ìdènà lò, pàápàá àwọn tó lóyún àkọ́kọ́. 2005 dé, ó kọjá. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ètò ìlera jákèjádò Nàìjíríà ní 2018, obìnrin 17 péré nínú 100 ló lo oògùn náà tó ẹ̀ẹ̀mẹta nínú oyún. Ní 2021, iye náà di 31. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ dín sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Orílẹ̀-èdè tó gba àlejò ìpàdé yẹn nìyí o, orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gbogbo ikú ibà lágbàáyé ti ń ṣẹlẹ̀.

Oògùn náà kò wọ́n. Fansidar tí àwọn àgbà mọ̀ ni, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní SP. Hóró mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni aláboyún máa gbé e mì, ìbáà jẹun, ìbáà má jẹun. Tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa lò ó lóṣooṣù títí di ìgbà ìbímọ. Lóòótọ́, a kì í fi tọ́jú ẹni tí ibà ń ṣe mọ́, nítorí kòkòrò ibà ti mọ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dáàbò bo oyún.

Ibà inú oyún le nítorí pé ó ń fara pamọ́. Inú ibi ọmọ ni kòkòrò rẹ̀ ń sá sí, ibẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, ara ìyá sì lè má gbóná rárá. Ó ń dáná, ó ń ná ọjà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dín kù, ọmọ inú rẹ̀ kò sì rí oúnjẹ gbà tó. Ọmọ náà lè kú sínú. Bí a bá bí i láàyè, ó lè kéré débi pé àìsàn èyíkéyìí á lè gbé e lọ. Ìfarapamọ́ yìí ló fà á tí aláboyún fi ń bi nọ́ọ̀sì pé, “Ara mi le, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ibà ṣe?” Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Ó ń fẹ́ ìdáhùn láti ẹnu ẹni tó fọkàn tán.

Ta ló fọkàn tán? Ẹ lọ sí ilé àdúrà kan tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, lówùúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé àwọn aláboyún. Orí ẹní ni wọ́n jókòó sí, wọ́n na ẹsẹ̀, ìgò omi àdúrà oníkálukú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá tó ń gbẹ̀bí ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, ó ń gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń pe kálukú lórúkọ. Ó mọ èyí tí ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn-àjò, ó mọ èyí tí ìyá ọkọ ń dà láàmú. Kò sẹ́ni tó ń béèrè owó káàdì. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìwé gígùn pé kí wọ́n lọ ra ìzáàlì, ìbọ̀wọ́ àti òwú kí wọ́n tó lè bímọ. Mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fi ìfẹ́ ṣiṣẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n bá jágbe mọ́ lẹ́ẹ̀kan ní iwájú èrò nílé ìwòsàn kì í padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti omi pẹ̀lú. Ìlànà ni pé kí aláboyún gbé SP mì lójú nọ́ọ̀sì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé, omi mímu kò sí, ife kò sí. Nọ́ọ̀sì á wá pọ́n oògùn náà sínú bébà pé, “Ẹ lọ lò ó nílé.” Inú báàgì ló ń gbé.

Wọ́n á ní oògùn tí agbẹ̀bí kò mọ ìdí rẹ̀ lè ṣèpalára. Ó lè ṣèpalára lóòótọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn sọ́fà kò gbọ́dọ̀ lò ó. Obìnrin tó ní kòkòrò HIV tó sì ń lo Septrin kò gbọ́dọ̀ lò ó. A kì í lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún. Bákan náà, folic acid onímílígíráàmù 5 tí wọ́n ń tà káàkiri ń sọ agbára SP di yẹpẹrẹ, ti onímílígíráàmù 0.4 ni kí aláboyún máa lò. Ìbéèrè mẹ́rin péré nìyẹn. Obìnrin tó ti ń gbẹ̀bí láti ogún ọdún lè kọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá rú u lójú, kó darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́dọ̀ darí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mi ò ní kí agbẹ̀bí tọ́jú ibà.

A ti rí àpẹẹrẹ nílé. Iṣẹ́ TIPTOP, tí àjọ Jhpiego fi owó àjọ Unitaid bẹ̀rẹ̀ ní 2017, gbé SP lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lọ́wọ́, Gúúsù Àkúrẹ́ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn tó lo oògùn pọ̀ sí i, àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn kò sì dín kù. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé a lè gba ọ̀nà òṣìṣẹ́ àdúgbò níbi tí ilé ìwòsàn kò bá dé ọ̀dọ̀ gbogbo aláboyún. Òṣìṣẹ́ àdúgbò ni wọ́n lò níbẹ̀ o, wọn kò lo agbẹ̀bí. Èmi ń fẹ́ ká lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtakò kan wà tó dùn mí, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀: àwọn agbẹ̀bí kan máa ń dá obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ dúró títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Ìyẹn gan-an ló mú mi takú. Ẹni tó bá ń gbé SP lọ síbẹ̀ lóṣooṣù máa rí àwọn aláboyún náà, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, á mọ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, á sì mú un lọ kó tó bọ́ sórí. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ àfi ẹni tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn wọn pa.

Ní Èkó, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìṣègùn ìbílẹ̀ ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀. Ní Oǹdó, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ètò Agbẹ̀bíyè fún agbẹ̀bí tó bá mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn ní ẹ̀bùn. Ìjọba mọ ilé wọn. Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera tí kò bá fẹ́ gbé oògùn lọ síbẹ̀, kó jáde síta, kó sọ ibòmíràn tó ti fẹ́ rí àwọn obìnrin náà kí wọ́n tó bí.