Awò Dúdú: Ààbò Ni Tàbí Orúkọ?

Ojú lọba ara, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Ìbàràpá kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè ní Ìdèrè àti ọlọ́kadà tí ń ná ọ̀nà Èrúwà sí Igbó-Ọrà mọ èyí dájú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé awò dúdú olówó gọbọi nìkan ni ó lè dáàbò bo ojú, àwọn mìíràn sì ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Ohun tí ń ba ojú jẹ́ jù nínú oòrùn ni ìtànṣán kan tí ènìyàn kò lè rí. Bí ó bá ń kọlu ojú fún ọdún pípẹ́, ó lè mú kí ẹran hù sórí ẹyinjú, ó sì wà lára ohun tí ń bo ọmọlójú ní funfun títí ìríran yóò fi dínkù. Awò tí ó jẹ́ UV400 lóòótọ́ ń dá ìtànṣán náà dúró. Ike polycarbonate, tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awò, ń dá a dúró fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ààbò yìí kò wọ́n.

Kí ni owó ńlá wá ń rà? Orúkọ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé-iṣẹ́ Luxottica ti ilẹ̀ Ítálì ra Ray-Ban ní 1999, ó sì ra Oakley ní 2007: orúkọ méjì, olówó kan. Lóòótọ́, awò ọ̀wọ́n lè pẹ́ lọ́wọ́, kí ó má sì tètè ha. Èyí kò fi hàn pé ààbò rẹ̀ ju ti awò owó pọ́ọ́kú lọ.

Àmọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra èyí tí ó bá ṣáà ti rí. Awò dúdú kirimù tí kò ní ààbò lè burú ju àìwọ awò rárá lọ, nítorí pé lábẹ́ òkùnkùn rẹ̀, ọmọlójú a là sí i, ìtànṣán a sì ráyè wọlé. Bébà UV400 tí a lẹ̀ mọ́ awò sì lè parọ́. Àwọn oníṣègùn ojú ní ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fi òtítọ́ hàn kíákíá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè ààbò kí ẹ tó béèrè orúkọ. Awò pọ́ọ́kú tí a ti yẹ̀ wò, pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí, tó fún oòrùn Ìbàràpá. Owó tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ fi mú ìyá yín lọ yẹ ojú wò. Ìnákùnáà kò yẹ ọmọlúàbí.