"A DÚPẸ́" NÌKAN KÒ TÓ

Láti ọjọ́ 16 oṣù October, ọdún 1846, tí William Morton ti fi oògùn ether kun aláìsàn lóorun ní gbangba ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀nà ti là fún ọmọ aráyé láti bọ́ lọ́wọ́ oró ọ̀bẹ. A kí àwọn dókítà tí ń ṣe iṣẹ́ ribiribi yìí. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá jí, ta ni yóò bi í bí ó ti rí lára rẹ̀?

Ní oṣù May, ọdún 2014, àwọn dókítà akunilóorun ní Ìlú Ọba fi ọjọ́ 2 bèèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìwòsàn 257. Aláìsàn 15,040 ni ó dáhùn. Ẹni 5 péré nínú 100 ni ó wí pé ohun kan nínú ìtọ́jú náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Síbẹ̀, ó ju 18 lọ nínú 100 tí òùngbẹ dà láàmú gidigidi, ojú iṣẹ́ abẹ sì ń ro ẹni 11 kíkankíkan.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Bí a bá bi kíláàsì pé, "Ṣé ó yé yín?" gbogbo ẹnu ni yóò dáhùn pé, "Ó yé wa!" Ìgbà tí a bá pe ọmọ kọ̀ọ̀kan síwájú pátákó ni òtítọ́ yóò hàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni aláìsàn. Ọmọ Yorùbá tí ó jí láàyè, bí a bá bi í pé, "Ṣé ara le?" "A dúpẹ́" ni yóò wí. Ọpẹ́ ni ó ń dá; kì í ṣe ẹ̀rí ni ó ń jẹ́.

Nítorí náà, a ké sí àwọn ilé ìwòsàn wa, ti ìjọba àti ti àdáni, kí wọn ó máa bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé: Ǹjẹ́ òùngbẹ gbẹ yín? Ǹjẹ́ òtútù mú yín? Ǹjẹ́ èébì gbé yín? Ǹjẹ́ a ṣe àlàyé fún yín kí ẹ tó sùn? Kí ó má ṣe jẹ́ ẹni tí ó kùn wọ́n lóorun ni yóò bèèrè. Kí a bèèrè ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kí a kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí a sì tún ohun tí ó wọ́ ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó kò sí, a ó dá a lóhùn pé omi kò wọ́n. Ìlànà àwọn oníṣègùn lónìí gba àgbàlagbà láyè láti mu omi lásán títí yóò fi ku wákàtí 2 kí a tó kùn ún lóorun, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà tí kò fi yẹ.

Ẹni tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ lójú oorun, ó tọ́ kí a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó bá jí. Abèèrè kì í ṣìnà.