Nọ́ńbà Ara Ọkọ̀ Ojú Omi: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Ìdímù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹ bi wá pé kí ni ó kan ará Ìdímù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Lóòótọ́, Ìdímù kò sí ní etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ilé ti gba ilẹ̀ oko púpọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ̀dá dé Ìkọ̀tún àti Ìgàndò, àwọn mìíràn nínú yín sì ti ń wá ilẹ̀ àti ọjà lọ sí apá Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá ń ra ẹja, àgbọn tàbí gàrí ní àwọn abúlé tí omi yí ká kò lè ṣe kí ó má lo ọkọ̀ ojú omi.

Èrò tiwa ni pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà ìjọba lára, bí ó ti wù kí owó ọkọ̀ náà kéré tó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọgbọ̀n àpò gàrí gbéra ní èbúté ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sì dé ibi tí ó ń lọ. Kí ni ẹ ó wí fún ọlọ́pàá? Pé ọ̀dà aró ni wọ́n fi kun ọkọ̀ náà, àti pé wọ́n kọ “Olúwa Ṣeun” sí i lára? Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò níye. Orúkọ awakọ̀ tí ẹ mọ̀ lè má ju “Bàbá Bọ́lá” lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní nọ́ńbà kan, orúkọ olówó rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìjọba. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, tí àwọn tí ó wá gba ẹ̀mí là bá òfìfo rẹ̀ lójú omi, nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò fi mọ ilé tí wọn yóò ránṣẹ́ sí.

Àwọn awakọ̀ a máa wí pé àwọn kò mọ ilé iṣẹ́ tí àwọn ì bá tọ̀ lọ. Àwíjàre yìí ní ìdí nígbà kan rí. Òfin ọdún 1997 ni ó dá NIWA sílẹ̀ fún àwọn omi inú ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA tirẹ̀ sílẹ̀, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé NIWA ni ó ní àṣẹ. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ NIWA lọ́wọ́ olówó ọkọ̀. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé bí a bá ti kọ orúkọ àwọn sílẹ̀, owó orí ni yóò tẹ̀ lé e. A kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó ń tukọ̀ kò rí owó gbà ní ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù owó orí kò tó láti fi ẹrù àti ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ra ọkọ̀ fáíbà àlòkù láti òkè òkun, ẹ wá nọ́ńbà mìíràn lára rẹ̀, èyí tí ẹni tí ó kan ọkọ̀ náà ti tẹ̀ sí i. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ kọjú sí i: lókè, ní ọwọ́ ọ̀tún yín, ni ó máa ń wà. Lára ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́tà àti òǹkà méjìlá ni, láti ọdún 1972 ni òfin wọn sì ti pàṣẹ rẹ̀. Lára èyí tí wọ́n kàn láti ọdún 1984, òǹkà méjì tí ó gbẹ̀yìn ń sọ ọdún àwòṣe ọkọ̀, ẹ̀dà nọ́ńbà náà kan sì wà ní ibi ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ha ibẹ̀, tàbí pé wọ́n fi ọ̀dà bò ó, ẹ má ṣe san owó. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà jẹ́ èyí tí wọ́n jí.

Ní ti kíkọ nọ́ńbà ìjọba, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín wí. Àpẹẹrẹ rere wà níbi púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìhà méjèèjì iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kí lẹ́tà má sì kéré ju íńṣì mẹ́ta lọ. Ìlànà tí àjọ FAO gbé kalẹ̀ ní ọdún 1989 fún ọkọ̀ apẹja ni pé kí ó jẹ́ funfun lórí dúdú tàbí dúdú lórí funfun. Ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan kò tó, nítorí ẹ́ńjìnnì àti àpò ẹrù a máa bò ó. Kí ẹ sì kọ ọ́ sókè ibi tí omi ń dé nígbà tí ọkọ̀ bá rù kún. (A ti rí èyí tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ, òjò kan ṣoṣo ni ó pa á rẹ́.) Níwọ̀n bí iyọ̀ àti òòrùn ti ń jẹ ọ̀dà, ẹ máa tún un kùn kí ó tó ṣá.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, wákàtí àti iye àpò sínú ìwé ẹrù, kí àpò àkọ́kọ́ tó wọ inú ọkọ̀. Bí ó bá dé èbúté tí kò rí nọ́ńbà kà, kí ó kó ẹrù náà padà títí yóò fi rí ọkọ̀ mìíràn.