Driver Kì í Ṣe Awakọ̀, Ògbufọ̀ Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú.

Ó ti di àṣà pé nígbàkigbà tí eré kọ̀ǹpútà ńlá kan bá fẹ́ jáde, àwọn iléeṣẹ́ tí ń ṣe káàdì àwòrán, ìyẹn Nvidia, AMD àti Intel, a máa gbé driver tuntun síta ní ọjọ́ náà gan-an tàbí ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn eléré a sì sáré gbà á wálẹ̀ sórí ẹ̀rọ wọn. Èrò mi lórí àṣà yìí pín sí méjì. Èkíní, a kò tíì fún driver ní orúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ní èdè wa, èyí kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ohun tí ó ń ṣe. Èkejì, bí a bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, a ó mọ ìgbà tó yẹ kí a gbà á àti ìgbà tó yẹ kí a ní sùúrù, a ó sì mọ ohun tó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá wo ilé, tó kàn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, yóò rí i pé awakọ̀ ni wọ́n ń pe driver, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ní ṣebí a ti ní dẹ́rẹ́bà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ni dẹ́rẹ́bà tí a mọ̀ wà. Òun ló di ọwọ́ ọkọ̀ mú, tí ń darí rẹ̀ síbi tó fẹ́ lọ. Driver inú kọ̀ǹpútà kò darí ohunkóhun síbi kankan. Àárín ẹni méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn ló wà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni eré fúnra rẹ̀. Àwọn tó kọ eré kì í bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀ tààrà. Èdè àjùmọ̀lò kan ni wọ́n fi ń kọ ọ́, irú bíi DirectX 12 tí Microsoft gbé jáde pẹ̀lú Windows 10 ní ọdún 2015, tàbí Vulkan tí ó jáde ní ọdún 2016. Ẹnì kejì ni káàdì àwòrán. Káàdì kò gbọ́ DirectX, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Vulkan. Èdè abínibí tirẹ̀ nìkan ló gbọ́. Èdè káàdì Nvidia yàtọ̀ sí ti AMD. Kódà, èdè káàdì Nvidia ti ọdún 2012 kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọdún 2020. Driver ló dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bí eré bá ní kí a kun ògiri kan bí ẹni pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí i lára, driver ni yóò yí àṣẹ náà padà sí èdè tí káàdì yẹn gbọ́. Irú iṣẹ́ báyìí ló ń ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. A mọ̀ ọ́n ní ilé ẹjọ́, a sì mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù tó ti òkèèrè wá. Ògbufọ̀ ni. Nítorí náà, ohun tí mo dábàá ni pé kí a máa pe driver yìí ní ògbufọ̀ káàdì àwòrán. Bí a bá sì tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ náà kò ní já wa kulẹ̀: ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò jẹ́ ògbufọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, torí pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Orúkọ yìí tún dáhùn ìbéèrè kan tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Káàdì kò yí padà, Windows kò yí padà, kí ló wá dé tí eré tuntun fi nílò driver tuntun? Ẹ wo ògbufọ̀ tó ti ń túmọ̀ ìwàásù láti ọdún pípẹ́. Bí oníwàásù tuntun bá dé, tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tó ń lo àkànlò èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ògbufọ̀ yóò túmọ̀ o, ṣùgbọ́n yóò máa kọsẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un ní ìwàásù náà kà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, tó ti ronú sí ibi tó le, ọ̀rọ̀ yóò máa ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti driver. Àwọn iléeṣẹ́ káàdì máa ń rí eré ńlá gbà kí ó tó jáde. Wọn a wo ibi tí ó ti ń fà, wọn a tún ọ̀nà ìtumọ̀ ibẹ̀ ṣe, wọn a sì fi orúkọ eré náà sínú driver kí ó lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni CD Projekt Red, iléeṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Pólàǹdì, gbé Cyberpunk 2077 jáde. Kí ọjọ́ náà tó pé, Nvidia àti AMD ti gbé driver tiwọn síta. Ògbufọ̀ ti múra. Síbẹ̀, àṣìṣe kún inú eré náà, pàápàá lórí PlayStation 4, tó bẹ́ẹ̀ tí Sony fi yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ó tó padà síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ògbufọ̀ kò lè tún ìwàásù ṣe fún oníwàásù tí kò múra sílẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Starfield jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn tó ní káàdì Arc ti Intel kò rí eré náà ṣe bó ti yẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, títí Intel fi gbé driver mìíràn jáde. Káàdì wọn kò ní àrùn kankan; ògbufọ̀ rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ èdè àlejò. Káàdì Arc kan náà yìí, nígbà tó kọ́kọ́ dé ọjà ní ọdún 2022, kò yára tó nínú àwọn eré àtijọ́ tí a fi DirectX 9 kọ. Ìdí ni pé Intel ń kọ́kọ́ yí DirectX 9 sí DirectX 12 kí ó tó yí i sí èdè káàdì, ọ̀rọ̀ tó bá sì gba ẹnu ògbufọ̀ méjì kọjá kì í tètè dé. Nígbà tí wọ́n yí ọ̀nà ìtumọ̀ náà padà, tí a fi wọ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí yára gidigidi. Kò sẹ́ni tó ra káàdì mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé driver kò já mọ́ nǹkan, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ lè ṣe àbòsí o. Òwe wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ògbufọ̀ rere lè tún gbólóhùn tò kí ó lè tètè yé ni, bí ìtumọ̀ kò bá ti yẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, àwọn oníròyìn ẹ̀rọ kan yí orúkọ fáìlì eré Quake III Arena padà láti "quake" sí "quack" lórí ẹ̀rọ tó ní káàdì Radeon 8500 ti iléeṣẹ́ ATI. Eré kan náà ni. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Lójú ẹsẹ̀, ìyára rẹ̀ dínkù, àwòrán rẹ̀ sì dán sí i. Ìyẹn ni pé driver ń ṣọ́ orúkọ eré náà, bí ó bá ti rí i, a bu díẹ̀ kúrò nínú ẹwà àwòrán kí iye tí a fi ń díwọ̀n ìyára lè ga. Ní ọdún 2003 pẹ̀lú, Futuremark, tó ṣe ìdánwò 3DMark03, fi ẹ̀sùn kan Nvidia pé driver rẹ̀ dá ìdánwò náà mọ̀, ó sì ń fo iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀, Futuremark sì dẹ ohùn rẹ̀. Lójú tèmi, ìlà tó wà láàárín àtúntò àti ẹ̀tàn kò ṣòro láti rí: bí ẹni tó ń wò ó kò bá pàdánù ohunkóhun, àtúntò ni, bí a bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ fún un, ẹ̀tàn ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìkánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, Nvidia gbé driver 196.75 jáde. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń ké pé fáànù tí ń tu káàdì lára kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́, káàdì sì ń gbóná ju bó ti yẹ lọ. Iléeṣẹ́ náà ní láti kó o kúrò nílẹ̀. Àwọn tó kánjú gbà á ló jìyà rẹ̀; àwọn tó ní sùúrù kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò le. Bí o bá ra eré tuntun, tó sì ń kọsẹ̀ tàbí tí àwòrán rẹ̀ ń dàrú, gba driver tuntun. Bí o kò bá ra eré yẹn, tí àwọn eré tí o ní sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, dúró ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí o gbọ́ ohun tí àwọn tó ṣáájú yóò sọ. Àtúnṣe ààbò nìkan ni n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi falẹ̀.

Owó náà tún ń bẹ níbẹ̀. Driver Nvidia kan lónìí ju 600 megabyte lọ, torí pé inú ẹrù kan ṣoṣo ni wọ́n kó ìtumọ̀ fún gbogbo káàdì tí wọ́n ń tọ́jú sí. Káàdì kan ṣoṣo ló wà lára kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìlú tí dátà ti pọ̀, tó sì rọ̀ lọ́rùn, èyí kò jẹ́ nǹkan kan. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, bí ó bá gba mẹ́rin, ó ti ju 2,400 megabyte lọ. Ó yẹ kí àwọn iléeṣẹ́ yìí pín ẹrù náà, kí kálukú gba èyí tó kan káàdì tirẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àwọn káàdì àtijọ́. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Ẹni tó bá dé Computer Village ní Ìkẹjà yóò rí i pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò sẹ́yìn lókè òkun kì í ṣe ohun ìtìjú. Òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kàwé, tí wọ́n sì fi ń ṣeré. Ní ọdún 2021 ni Nvidia dá driver eré tuntun dúró fún àwọn káàdì Kepler, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2012. Ní ọdún 2025, ó kéde pé oṣù Kẹwàá ọdún náà ni òpin yóò dé bá ti Maxwell àti Pascal, tí GTX 1060 ti ọdún 2016 wà lára wọn, àti pé àtúnṣe ààbò nìkan ni wọn yóò máa rí gbà títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2028. Káàdì náà kò kú o. Ògbufọ̀ rẹ̀ ni kò ní kọ́ èdè tuntun mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí iléeṣẹ́ tó lè tọ́jú káàdì títí ayé, àti pé ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe kékeré. Òótọ́ ni, n kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ṣé ó yẹ kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lórí Linux, àwọn òǹkọ̀wé ètò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ AMD bẹ̀rẹ̀ sí í kọ driver Vulkan kan tí wọ́n ń pè ní RADV fún káàdì AMD ní ọdún 2016. Gbangba ni iṣẹ́ náà wà nínú Mesa, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe. Ohun tó mú kí èyí rọrùn ni pé AMD ti tẹ àlàyé èdè káàdì rẹ̀ síta. Bí iléeṣẹ́ kan bá rẹ̀, kí ó fi àlàyé èdè káàdì náà lélẹ̀, kí àwọn tó kù máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ. Èdè tí kò bá gba ọ̀rọ̀ tuntun dàbí káàdì tí driver rẹ̀ ti dúró. Agbára rẹ̀ wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí àlejò ń wí. Àwa fúnra wa ni ògbufọ̀ rẹ̀, kò sí iléeṣẹ́ kan tí yóò bá wa ṣe é. Bí a bá sì fẹ́ ṣe é, kí á má kàn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè; kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe.

Bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn ju ògbufọ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Mo ti ń retí rẹ̀. Ire o.