Ẹ Jẹ́ Kí Ìlù Ọmọdé Jẹ́ Ìlù: Ẹ̀bẹ̀ sí Àwọn Alákòóso Jẹ́lé-ó-sinmi ní Ọ̀yìngbò

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ (SUBEB), ẹ̀yin olùdásílẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni láti Ọ̀yìngbò títí dé Ẹ̀bùté Mẹ́ta, àti ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà níkàáwọ́ yín lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn. Ẹ dákun, ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yin sì ni àgbà ọjà yìí. Ohun èlò orin tí à ń rà fún àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí.

Ẹ yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìṣeré, ẹ ó bá a nínú àpò ọ̀rá: ìlù ike kan, fèrè ike kan, ṣaworo tín-ín-tìn-ìn lára òrùka ike, àti sáílófóònù aláwọ̀ mèremère. Ó ń wu ojú. Ẹ wá mú ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ lu irin àkọ́kọ́, kí ẹ lu ìkẹta. Ọ̀kan ń dún bí agolo, èkejì ń dún bí agolo tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ dò re mí sí wọn lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ò mọ ohun tí wọ́n kọ sí òun lára. Ìlù ike ńkọ́? Bí ogójì ọmọ bá ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́rú, ojú rẹ̀ ti là.

Mi ò bá agbaṣẹ́ṣe tó gbé e wá jà. Bí ìwé tí a kọ fún un bá sọ pé “ohun èlò orin, sẹ́ẹ̀tì kan”, tí kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni kí ó ṣe? Yóò ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ, yóò sì mú ìwé ẹ̀rí pé òun kó ọjà dé. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa tún ṣe gan-an nìyẹn: ìwé yẹn.

Àwọn olùkọ́ ń gbìyànjú, kí a má purọ́. Ẹ ó rí èyí tó da ìrẹsì sínú ìgò ràgọ́lísì, tó fi sẹ́lótéèpù dè é lẹ́nu, tí ó sì dún ju ti inú ọ̀rá lọ. Ẹ ó rí èyí tó dojú korobá dé tó ń fọwọ́ lù ú. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n agolo mílíìkì tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí máa ń gé ọmọ lọ́wọ́, kò sì tọ́ kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tún máa fi owó oṣù rẹ̀ ra ohun tó yẹ kí iléèwé pèsè.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ju ti ohun ìṣeré mìíràn lọ ni pé etí ni ọmọ Yorùbá fi ń kó èdè rẹ̀ jọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ilé ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Dò re mí kan náà tí olùkọ́ Yorùbá máa fi kọ́ ọmọ ní àmì ohùn tó bá dé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gángan ń sọ lábẹ́ apá onílù. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá fún ọ̀ṣán gángan kékeré mọ́ra, tó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ gòkè, tó dẹ̀ ẹ́, tó gbọ́ tó wálẹ̀, kò tún nílò àlàyé. Ìlù ike ò lè ṣe èyí fún un. Ohùn kan ṣoṣo ló ní, ohùn náà ò sì dára.

Àwọn ìdílé Àyàn ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Wọn kì í gbé ìyáàlù kọ́ ọmọ kékeré lọ́rùn. Nínú bàtá, omele ni ọmọ ń kọ́kọ́ mú. Nínú ẹbí dùndún, kànnàngó kéré tó ohun tí apá ọmọdé lè há mọ́ra. Gúdúgúdú ni mo tilẹ̀ fẹ́ràn jù fún ìbẹ̀rẹ̀: ó fúyẹ́, iwájú àyà ló ń wà, awọ pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, kì í sì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa dún bákan náà láìsinmi, kí àwọn yòókù lè rí nǹkan gbára lé. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìlù wọ̀nyí ṣe so mọ́ra wọn, ìwé ńlá tí Akin Euba, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1935, kọ lórí dùndún jáde ní 1990.

Àwọn ará Jámánì náà ronú kan èyí. Carl Orff àti Gunild Keetman ṣe ohun èlò tiwọn fún ọmọdé, sáílófóònù kékeré tí a lè yọ igi orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ á yọ èyí tí orin ọjọ́ náà kò lò kúrò, igi yòówù tí ọmọ bá wá lù, yóò bá orin mu. Sáílófóònù kan láti ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ohun tó ṣí Orff lójú nígbà náà. Mi ò ní kí ẹ ránṣẹ́ sí Jámánì o. Agídìgbo wa tí irin rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bí wọ́n bá kan án ní kékeré, tí wọ́n sì fi fáìlì pa ẹnu irin rẹ̀ kó má mú.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ wà lórí okùn, okùn sì ń já. Òfin Amẹ́ríkà fi ihò kan wọn ohun ìṣeré fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta: fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 31.7 lọ, ohunkóhun tó bá sì wọ inú rẹ̀ tán kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ náà, kí ó má baà há a lọ́fun. Ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀ ọ́, owó ẹyọ náà wọ̀ ọ́. Nítorí náà, akèngbè tí wọ́n kó èso sí nínú tí wọ́n sì dí pa, bí ṣẹ́rẹ́, ló yẹ àwọn tó kéré jù. Mo mọ̀ pé òbí kan yóò ní ti Ṣàngó ni. Kí ẹ rán an létí pé gángan tó ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi náà ní ilé tó ti wá. Ní ti fèrè, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹnu ogójì ọmọ lórí fèrè kan, gbogbo kíláàsì ni yóò máa wúkọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kun nǹkan wọ̀nyí ní ọ̀dà tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀. Ẹnu ni ọmọ ọdún méjì ń fi ohun gbogbo sí, òjé sì máa ń wà nínú ọ̀dà. A ò tíì gbàgbé ohun tí òjé fi ojú àwọn ọmọ Zamfara rí ní 2010, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi ìwakùsà góòlù ni tiwọn ti wá. Igi tí wọ́n fi sánpépà dán dáadáa kò nílò àwọ̀ kankan.

Ẹ ó ní owó dà. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè, ìjọba àpapọ̀ sì ń ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò gbogbogbòò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àdúgbò tí reluwé Red Line ń gúnlẹ̀ sí láti 2024 kò lè sọ pé kànnàngó wọ́n jù. Ẹ ò sì ní láti ra ogójì. Ohun èlò mẹ́jọ tó dára tó fún kíláàsì kan: àwọn kan ń lù, àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń dúró de ìgbà tiwọn, ìyẹn náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́.

Ohun kan tún wà tí mo ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ohun tó dára bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì de ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀. Awọ ìlù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, èkúté ni yóò jogún rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ọjà sáà tó ń bọ̀, ẹ pe olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan àti onílù kan jókòó tì yín, kí ẹ kọ irú igi, ìwọ̀n àti bí yóò ṣe wúwo sí sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dé, kí àwọn méjèèjì lu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé. Kí ẹ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ tí onílù yóò fi máa wá lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan láti pààrọ̀ awọ tó ti ya, kó sì tún ọ̀ṣán fà, pàápàá lẹ́yìn òjò, torí pé ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kí awọ le. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iléèwé kan ṣoṣo, kí a kọ́kọ́ wò ó, a gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ èyí tó máa jẹ́ fún wa, a ó bá yín wá onílù.